Orin Tí Mo Fi Di Ojú Ọmọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé àga yín wá. Ìwọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ bọ́ sórí ẹní. Ìrẹsì ṣì wà lórí iná, mo mọ̀ pé òórùn ọbẹ̀ ti ń pè yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ jẹ. Bí ẹ̀rín bá ń pa yín, ẹ rín, èmi náà ń rín in báyìí. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ kọ́ o. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ tòun ti garawa lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn ojú ni mo ti ń fọ ilẹ̀ nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ṣe é. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ọdún kan àtààbọ̀ péré. Lẹ́tà tí mo mọ̀ ò ju àwọn tó wà nínú orúkọ mi lọ, bí wọ́n bá sì tò wọ́n lódì, mi ò ní dá wọn mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orin! Ẹ fi orin sílẹ̀ fún mi. Bí omi bá ń kán tó, tó, tó nínú páìpù, mo ti rí ẹni tó ń lu àgògo fún mi nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn bá han, mo ti rí elégbè. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ló sọ mí ní Màmá Olórin, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi bí iṣu ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Yàrá kẹta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka pátákó. Pátákó funfun ni, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, lẹ́tà dúdú wà lára rẹ̀. Tòkè tóbi bí orí màlúù, tìsàlẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ ojú rẹ̀ wò á dúró lórí ìlà pupa kan tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀, á bo ojú kan, á fi èkejì máa ka lẹ́tà bọ̀ láti òkè. Ibi tó bá kà á dé ni wọ́n fi ń mọ bí ojú náà ṣe mú tó. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò wọ́n náà ni wọ́n ń kà wọ́n. Ṣé ẹ wá rò pé etí mi á máa gbọ́ ọ kí ẹnu mi dákẹ́? Mo sọ ọ́ di orin:

*Í nìkan ló ga jù, baálé ilé,*
*Ẹ́ẹ̀lì òun Ó, ìyàwó rẹ̀ méjì,*
*Tí, Ẹ́fù, Dí, ọmọ mẹ́ta ń bọ̀,*
*Sí, Pí, Ó, Ẹ́ẹ̀lì, ará ilé kejì,*
*Dí, Ẹ́fù, Tí, Pí, Sí, èrò pọ̀, ẹ yà fún wa!*

Mo ń fi mọ́ọ̀pù lu ilẹ̀ sí i. Ó dùn. Ó ṣì dùn títí dòní, ohun tó ń bí mi nínú sí i nìyẹn.

Ọmọ kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ológoṣẹ́ là ń pè é nítorí pé ó kéré, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà mìíràn ó lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wálé. Ìyá rẹ̀, ìyàwó ọmọ mi, aránṣọ ni. Yàrá mẹ́ta la ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì: èmi, òun àti ọmọ. Yàrá iwájú ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Èmi ni mo ń wẹ ọmọ. Ìgbàkigbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, orin pátákó là ń kọ. Èmi á dá a, òun á gbè é, ìfófòó ọṣẹ á kún ẹnu rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Màmá," ó ní, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú òsì ọmọ yìí. Bó bá ti ń wo ohun tó sún mọ́ ọn, ṣe ni ojú yẹn ń yà síbi imú."

"Ojú ìran wa nìyẹn," mo ní. "Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí ní kékeré. Ìyá mi ní ẹwà ni."

"Ẹwà náà ni, Màmá. Mo kàn ní ká mú un lọ síbi iṣẹ́ yín, kí wọ́n bá wa wò ó."

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀gún kankan nínú. Ṣùgbọ́n ó gún mi. Èmi tí mò ń bá àwọn dókítà ojú ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá! Ilẹ̀ ni mò ń fọ̀ fún wọn o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, lójú ara mi, ó kù díẹ̀ kí n máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó máa ń fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, gbé orí sókè láti ẹ̀yìn okùn aṣọ.

"Ẹ bá mi gbọ́! Ẹni tó ń wo ojú abẹ́rẹ́ ló fẹ́ kọ́ mi ní ojú ọmọ! Ó dáa. A óò lọ. Bí wọ́n bá rí àbùkù kan lójú ọmọ yìí, èmi, ìyá ọkọ, ni n óò máa fọ aṣọ ìyàwó fún odindi oṣù mẹ́ta!"

Alágbàfọ̀ ní, "Hẹ̀! Màmá Olórin, ẹ fẹ́ gba oníbàárà mi?"

"Má dá mi lóhùn!"

"Mi ò dá yín lóhùn, Màmá. Mo kàn ń béèrè irú ọṣẹ tẹ́ ẹ máa lò ni."

A lọ. Lọ́jọ́ náà, dókítà wà nídìí iṣẹ́ abẹ, Nọ́ọ̀sì ló ń yẹ àwọn ọmọdé wò. Ọmọ tó bá ka pátákó já, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Èyí tí kò bá lè kà á ni wọ́n máa ń darí sọ́dọ̀ dókítà. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kẹta, mò ń nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

Ológoṣẹ́ dúró lórí ìlà pupa. Ó kọ́kọ́ bo ojú òsì, ó fi ojú ọ̀tún kà á, ó kà á dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní, "Bo èkejì." Ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọjú sí pátákó, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ nàka sí lẹ́tà tòkè. Ọmọ bẹ̀rẹ̀.

"Í."

Ó sinmi níbi tí baálé ilé máa ń wà.

"Ẹ́ẹ̀lì, Ó."

Ó mi ìdí díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ìmìdí yẹn. Balùwẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ.

"Tí, Ẹ́fù, Dí. Sí, Pí, Ó, Ẹ́ẹ̀lì. Dí, Ẹ́fù, Tí, Pí, Sí..."

"Rọra!" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí yára ju igi ọwọ́ mi lọ!"

Láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dúró sí, mo rí ohun tí Nọ́ọ̀sì tó kọjú sí ògiri kò rí. Ojú òsì tí ọmọ ní òun fi ń kàwé, ó ti pa á dé. Ojú méjèèjì ló dì pa, lẹ́tà sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo láti inú àpò tó ya.

Mo la ẹnu. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n mo rí Ìyàwó lórí bẹ́ǹṣì, ó na ọrùn, ó ń gbọ́. Mo rántí àtẹ̀gùn. Mo rántí Alágbàfọ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Nọ́ọ̀sì jáde. "Ìyá ọmọ, ẹ máa mú un lọ. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ."

Nígbà tí a délé, mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mo fi ọwọ́ lé ìbàdí. Mi ò tiẹ̀ sọ nǹkan. Ìyàwó ló wá kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo kọjá àyè mi."

Ó kúnlẹ̀, mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀. Mo tiẹ̀ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn yìí, omi máa ń bọ́ lójú mi, ẹ ò ní rí i nítorí mò ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, orin pátákó kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé ojú kàn ń yún ọmọ ni. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo rí orí náà tó wọ́, mo sì ń ná ata lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ológoṣẹ́ ní òun fẹ́ bu omi fún mi mu. Ó gbé jọ́ọ̀gì, ó dà á. Omi náà ò wọ inú kọ́ọ̀pù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dà sí. Mo fẹ́ bá a wí, ni mo bá rántí pé bí èmi náà ṣe máa ń dà á nù nìyẹn. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń bá a ṣeré, mo na ṣíbí sókè. Ọ̀sán gangan ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀.

"Kí ni màmá àgbà mú dání?"

Ó na ọrùn. Ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ọwọ́ yín ni."

"Kí ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Ó dà bí èéfín, Màmá àgbà." Ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí inú mi dùn. Ó ní, "Ṣé kí n kọ orin yẹn?"

"Orin wo?"

"Orin pátákó. Nọ́ọ̀sì ní kí n ka èkejì, mi ò rí nǹkan kan, mo bá kọ orin yín. Ṣebí ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn? Ó ní mo yára."

Ẹ wò ó, wọ́n ti bú mi láyé mi rí. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi ìgbálẹ̀ lé mi rí. Kò sí èyí tó bà mí tó ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Kò mọ̀ pé irọ́ ni. Lójú rẹ̀, orin tí màmá àgbà bá kọ́ èèyàn, ohun rere ni.

Ẹ ó rò pé mo dìde lọ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo tún lò! Màá gbé mọ́ọ̀pù dé ẹnu ilẹ̀kùn dókítà, màá nu ẹnu ilẹ̀kùn, màá padà. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kan fi yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń bá bàbá kan sọ̀rọ̀. Ọmọ bàbá náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irùngbọ̀n ti ń hù ú.

"Ká ní ẹ mú un wá nígbà tó wà ní ọdún mẹ́fà, méje ni," dókítà ní. "Ọpọlọ ọmọdé rọ̀ bí amọ̀ tútù. Bó bá ti pẹ́, ó máa ń gan. A ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí."

Bàbá náà fi fìlà nu ojú. Ó kọjá lára mi, kò rí mi.

Mo wọlé. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Dókítà yìí, obìnrin ni, ó lè tó ọmọ mi àbíkẹ́yìn. Mo dúró, mo di igi mọ́ọ̀pù mú, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: orin, ìmìdí, ojú tó dì pa, bí mo ṣe pa ẹnu mi dé. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bú mi. Ó béèrè pé, "Màmá, ta ló tún mọ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ẹ mú ọmọ wá lọ́la. Ẹ mú ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, kì í ṣe èmi."

"Ẹ bá mi sọ ọ́, Dókítà. Ẹ̀yin mọ̀wé."

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, Màmá."

Mo bá Ìyàwó nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán apá mọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀rọ náà ń sọ kẹkẹkẹkẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nínú ariwo ẹ̀rọ, bóyá kò ní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, ó wá ku èmi àti ohùn mi. Mo sọ ọ́ dé òpin.

Kò wò mí. Ó ń wo apá ẹ̀wù náà.

"Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo jẹ́ kí o kúnlẹ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀. Ó yára dìde, ó di apá mi mú. "Ẹ má ṣe é! Ẹ má fi ìyẹn kún un fún mi. Kí ni màá sọ fún ọmọ yín, pé mo jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi?" Ó fà mí jókòó sórí àga. "Ojú ọmọ yẹn nìkan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sí i."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kọrin nílé wa. Ológoṣẹ́ béèrè pé ṣé ẹnì kan kú ni.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ò tiẹ̀ wo pátákó. Ó fún ọmọ ní bíìrò kan pé kó máa wo orí rẹ̀. Ó mú nǹkan dúdú kan tó dà bí ṣíbí pẹlẹbẹ, ó fi bo ojú òsì. Ojú ọ̀tún ò mì. Ó ṣí i, ó wá fi bo ojú ọ̀tún. Kíá, ojú òsì ta láti ibi imú bọ̀ sí àárín, bí ọlọ́ṣà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

"Ẹ rí i? Ojú òsì ò bá wọn wo bíìrò rárá. Ìgbà tí mo bo ẹnìkejì rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí iṣẹ́."

Lẹ́yìn náà, ó kán oògùn sójú ọmọ, kí ojú lè sinmi kó má lè tiraka, a sì dúró títí ẹyinjú rẹ̀ fi là gbàràgàdà. Dókítà paná yàrá, ó mú tọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbá ojú ọmọ lọ sí ọ̀tún, lọ sí òsì. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń jó nínú ẹyinjú. Ó ń gbé awò kan síwájú ojú náà, ó ń mú un kúrò, ó ń gbé èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí ijó náà fi dúró.

"Awò tó bá dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró," ó ní, "òun ni awò tí ojú yìí ń wá. Mi ò ní béèrè lẹ́tà kan lọ́wọ́ ọmọ." Ó yíjú sí mi nínú òkùnkùn. "Tọ́ọ̀ṣì yìí kì í gbọ́ orin, Màmá."

Mo tẹ orí ba. Ọpẹ́lọpẹ́ iná tó kú.

Ìyàwó béèrè pé kí ló dé tí ojú fi ń wá awò. Dókítà tan iná, ó wo yíká, ó nàka sí garawa mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ wo igi mọ́ọ̀pù yẹn níbi tó ti wọ omi. Kò ha dà bí ẹni pé ó ṣẹ́?"

Ó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wò ó.

"Igi ò ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ bó ṣe ń jáde nínú omi. Inú ojú náà máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀, kó lè pàdé pọ̀ sórí awọ ẹ̀yìn ojú, kí àwòrán lè mọ́. Ojú ọ̀tún ọmọ yìí ń tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ. Tòsì kò tẹ̀ ẹ́ tó, kò pàdé síbẹ̀, ó ń di èéfín. Ẹ̀yin aránṣọ ló máa yé. Ojú méjì ló ń mú aṣọ méjì wá, wọ́n jọra ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan, torí pé imú wà láàárín wọn. Ọpọlọ ló ń rán wọn pọ̀. Níbi tí wọ́n ti rán wọn pọ̀ yẹn lèèyàn ti ń mọ ohun tó sún mọ́ni àti ohun tó jìnnà. Bí ẹnì kan bá ń mú aṣọ tó rún wá lójoojúmọ́, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá ní kó má mú un wá mọ́," Ìyàwó ní.

"Ohun tí ọpọlọ sọ fún ojú òsì nìyẹn. Ó ti ń pa á tì."

Ó gbé ìwé àwòrán kan jáde, eṣinṣin ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, ìrísí rẹ̀ burú. Ó fi awò dúdú kan sójú ọmọ. "Mú ìyẹ́ eṣinṣin yìí fún mi." Ológoṣẹ́ fi ìka tẹ ìwé pẹ̀tẹ́. Ìyàwó náà fi awò yẹn sójú, ó wò ó. Ó pariwo, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ó ń bọ̀ sókè!" Ìka rẹ̀ mú afẹ́fẹ́ lókè ìwé.

Mo rẹ́rìn-ín. "Kí ló ń bọ̀ sókè? Ẹ mú un wá." Mo fi awò náà sójú. Mo tẹ ìwé pẹ̀tẹ́.

Dókítà gbé iná kékeré mẹ́rin wá, ó pààrọ̀ awò ojú mi sí èyí tó pupa lápá kan, tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé lápá kejì. "Màmá, ẹ kà wọ́n."

"Méjì."

Ó fi awò náà sójú ọmọ, ó bi í. Ó ní méjì. Ìyàwó ka mẹ́rin.

"Mẹ́rin lẹni tó ń fi ojú méjèèjì wò máa ń rí. Tiyín náà ni, Màmá. Ojú òsì. Láti kékeré."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Abẹ́rẹ́ tí mi ò lè ti òwú bọ̀ láé, àtẹ̀gùn tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ wá, omi ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Ojú ìran wa ni lóòótọ́. Mo béèrè pé ṣé tèmi ṣeé tún ṣe. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Mo béèrè ti ọmọ. Ó ní, "Àsìkò ṣì wà. Ẹ má kàn fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò mọ́."

Ìyá mi pè é ní ẹwà torí pé kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, a ò lè bá a wí. Èmi mọ̀.

Wọ́n ṣe gíláàsì fún Ológoṣẹ́. Wọ́n tún fún wa ní ìlẹ̀mọ́ tí a ó máa fi bo ojú tó dáa, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, kí ọ̀lẹ ojú lè kọ́ iṣẹ́. Ọmọ kórìíra rẹ̀. Ó ń já a. Ó ń sunkún pé èéfín ni gbogbo nǹkan. Ohun tó wá mú un jókòó, ẹ fojú inú wò ó. Èmi náà fi aṣọ bo ojú ọ̀tún mi, mo jókòó tì í, a ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá, a ń kọrin tuntun:

*Ojú ọ̀tún, lọ sùn díẹ̀,*
*Ojú òsì, ó kàn ọ́, dìde,*
*Wá ihò ìlẹ̀kẹ̀, má fi ẹnu wá a.*

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé láti tú aṣọ ojú mi, mo gbé omi ìdọ̀tí jáde, mo dà á sórí ẹ̀wù funfun mẹ́fà tí Alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.

"Màmá Olórin! Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Mi ò rí ọ. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!"

Aṣọ tí mo búra nípa rẹ̀ ńkọ́? Mo fọ̀ ọ́. Ìyàwó ní òun ò fẹ́, ó ń kó o pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, mo ń wọ́ ọ jáde. Níta gbangba ni mo fọ̀ ọ́, lábẹ́ àtẹ̀gùn tí mo ti pariwo. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí, mo ń sọ fún wọn ìdí tí mo fi ń fọ̀ ọ́, orin àti gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Alágbàfọ̀ ní, "Ẹ fọ ọrùn ẹ̀wù yẹn dáadáa, Màmá, bí kò bá mọ́, oníbàárà ò ní sanwó." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń bá aṣọ ibùsùn jà, ni mo rí ọwọ́ méjì tó di etí kejì rẹ̀ mú. Ìyàwó ni. Ó fún un sí ọ̀tún, mo fún un sí òsì, omi rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, a padà sí yàrá kẹta. Wọ́n ti gbé pátákó àtijọ́ lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń yí lẹ́tà rẹ̀ padà lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì fi ìka bo ẹnu nígbà tó rí mi: "Màmá Olórin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa."

Ológoṣẹ́ bo ojú ọ̀tún. Mi ò wo pátákó, ojú òsì yẹn ni mò ń wò. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ka lẹ́tà díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣìnà, ó ń ṣe àtúnṣe, kò sí ìlù nínú rẹ̀ rárá. Kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ìlà méjì ló kù. Mi ò gbọ́ orin tó dùn tó yẹn rí.

Dókítà gbé eṣinṣin wá. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú. Ọmọ na ìka síwájú, ó dúró. Ó fa orí sẹ́yìn.

"Màmá àgbà! Ó ti kúrò nínú ìwé!"

Ìka rẹ̀ méjì pàdé lókè, nínú afẹ́fẹ́, níbi tí èmi ò rí nǹkan kan. Àwọn àwòrán kéékèèké inú ìwé náà kò tíì dìde fún un, dókítà ní ká ní sùúrù. Ṣùgbọ́n eṣinṣin yẹn dìde. Mo bi í bó ṣe rí, ó sì ń ṣàpèjúwe ìyẹ́ rẹ̀ fún mi láti ibẹ̀ délé.

Òun ló ń bu omi sí kọ́ọ̀pù yín yẹn. Ẹ wò ó, ìkán kan ò dà sílẹ̀. Ìyàwó ti sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀. Alágbàfọ̀, bọ́ síwájú, má ṣe bí àlejò. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ bù sí i. Bí ẹ bá yó, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó kún. Bí ẹ bá délé, ẹ bo ojú ọmọ yín kan, kí ẹ na ṣíbí sókè. Kí ẹ má ṣe kọrin.